Ta Ni A Ó Pè Ní Òbí Ọmọ?

Ìbéèrè kan wà tí ó ti pẹ́ láàárín ọmọ aráyé, tí àwọn àgbà ń dá ẹjọ́ rẹ̀ ní agbo ilé, tí àwọn adájọ́ ń dá ẹjọ́ rẹ̀ ní kóòtù, tí kò sì tíì tán nílẹ̀ títí di òní: ta ni ó ni ọmọ? Ṣé ẹni tí ó bí i ni, tàbí ẹni tí ó tọ́ ọ? Bí a bá bi ènìyàn mẹ́wàá, ó ṣeé ṣe kí mẹ́sàn-án dáhùn kíákíá pé ẹni tí ó bí i ni. Wọn kò sì jẹ̀bi, nítorí pé ìkúnlẹ̀ abiyamọ kì í ṣe ohun tí a lè fi ṣeré. Ṣùgbọ́n bí a bá tún bi wọ́n pé, Bí ẹni tí ó bí ọmọ bá tì í síta nínú òtútù ńkọ́? nígbà náà ni olúkúlùkù yóò fi ọwọ́ lérán, tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí rò ó kí ó tó sọ ọ́. Apá tí ó nira yìí ni àwa fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé bá wa gbé yẹ̀ wò.

Ní ọdún 2018, ọkùnrin ará Jàpáànì kan, Hirokazu Kore-eda, ẹni tí a bí ní ìlú Tokyo ní ọdún 1962, ṣe sinimá kan tí ó gbé ìbéèrè náà ka iwájú gbogbo ayé. Manbiki Kazoku ni ó pe orúkọ rẹ̀, èyí tí í ṣe, ní èdè tiwa, Ìdílé Àwọn Tí Ń Jí Ọjà. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, àwọn onídàájọ́ ní àjọ̀dún sinimá tí a máa ń ṣe ní ìlú Cannes, ní ilẹ̀ Faransé, fún un ní ẹ̀bùn wọn tí ó ga jù lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní Imọ̀ Ọ̀pẹ Wúrà. Láti ọdún 1997 ni ará Jàpáànì kankan kò ti gba ẹ̀bùn náà. Kì í sì í ṣe ìgbà kìíní nìyí tí Kore-eda ń bá ọ̀rọ̀ yìí jìjàkadì, nítorí pé ní ọdún 2013 ó ti ṣe sinimá mìíràn nípa ìdílé méjì tí a pààrọ̀ ọmọ wọn ní ilé ìwòsàn, tí wọn kò sì mọ̀ títí àwọn ọmọ náà fi di ọmọ ọdún mẹ́fà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ìtàn náà, nítorí pé ẹni tí kò gbọ́ ẹjọ́ kò lè dá a. Nínú ilé kékeré ògbólógbòó kan ní Tokyo, ènìyàn márùn-ún ń gbé pọ̀. Osamu ni ọkùnrin ilé náà. Lébìrà ni ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé. Nobuyo ni obìnrin rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí a ti ń fọ aṣọ. Ìyá àgbà Hatsue ni ó ni ilé, owó ìfẹ̀yìntì tí ó ń gbà sì ni òpó tí ó gbé ilé náà ró. Ọ̀dọ́bìnrin kan tí ń jẹ́ Aki wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà, ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Shota sì wà lọ́dọ̀ Osamu. Owó iṣẹ́ wọn kò tó wọn. Nítorí náà Osamu àti ọmọ náà a máa lọ sí ìsọ̀, ọ̀kan a dí ojú olùtajà, èkejì a sì kó ọjà sínú àpò. Nígbà tí ìtàn ń parí lọ ni a tó mọ̀ pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí ó bá ẹnì kejì tan. Olúkúlùkù wọn ni ilé mìíràn ti pọ̀ jáde. Bàbá àti ìyá Aki, fún àpẹẹrẹ, ń gbé nínú ilé tí ó dára, wọ́n sì ń sọ pé ọmọ àwọn wà ní Ọsirélíà, nígbà tí ọmọ náà wà ní ìlú kan náà pẹ̀lú wọn.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nígbà òtútù, bí Osamu àti Shota ti ń bọ̀ láti ibi olè wọn, wọ́n rí ọmọbìnrin kékeré kan tí ó wà ní òun nìkan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta ilé rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Osamu mú un lọ sí ilé, wọ́n fún un ní oúnjẹ, wọ́n sì rí àpá ní ara rẹ̀. Nobuyo ni ó sọ pé kí wọ́n dá a padà. Òun àti Osamu gbé ọmọ náà lọ ní òru náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti súnmọ́ ilé rẹ̀, wọ́n gbọ́ tí ọkọ àti aya ń jà nínú ilé, tí obìnrin náà sì ń kígbe pé òun pàápàá kò fẹ́ bí ọmọ náà. Nobuyo dúró gbọin-in, ọmọ wà ní ọwọ́ rẹ̀, kò sì lè sọ ọ́ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àlejò kékeré yìí ṣe di ẹni kẹfà nínú ilé àwọn olè.

Ó ju oṣù méjì lọ kí ìròyìn tó jáde pé ọmọ kan sọnù, nítorí pé àwọn òbí rẹ̀ kò lọ sọ fún ọlọ́pàá pé àwọn ń wá a. Nígbà náà ni wọ́n gé irun rẹ̀, tí wọ́n sì fún un ní orúkọ tuntun, kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Nígbà tí Nobuyo fẹ́ mú aṣọ tuntun fún un, ọmọ náà béèrè bóyá wọn kò ní lu òun lẹ́yìn náà. Ní ilé tí a ti bí i, ẹ̀yìn aṣọ tuntun ni lílù máa ń wá. Nobuyo dáná sun aṣọ tí ọmọ náà wọ̀ wá, ó gbá a mọ́ àyà pinpin, ó sì sọ fún un pé irọ́ ni pé ìfẹ́ ni ó ń mú wọn lù ú, nítorí pé báyìí ni ẹni tí ó fẹ́ràn ọmọ í ṣe sí i. Àwọn baba wa wí pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, kí a fi tòsì fà á mọ́ra. Ọmọ yìí ti mọ ọwọ́ ọ̀tún dáadáa. Ọwọ́ òsì ni kò rí rí kí ó tó dé ilé olè.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí a ń pe ara wa ní olóòótọ́. Ọmọ náà kò gbé inú igbó. Àárín ìlú ńlá ni ó wà, ilé sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé wọn. Ilẹ̀ Jàpáànì kì í ṣe ilẹ̀ aláìlófin pẹ̀lú: láti ọdún 2000 ni wọ́n ti ní òfin tí ó pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá rí ọmọ tí a ń fi ìyà jẹ lọ fi tó ìjọba létí, ní ọdún 2015 wọ́n ya nọ́ńbà tẹlifóònù 189 sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí, ní ọdún 2019 wọ́n sì tún òfin ṣe láti kọ̀ fún òbí pé kí ó má ṣe fi lílù kọ́ ọmọ, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2020. Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n òfin kò ní ẹsẹ̀. Ènìyàn ni í gbé e rìn. Nínú ìtàn yìí, ẹni tí ó dúró níwájú ọmọ náà ní òru òtútù ni olè. Bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ bá ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, ọmọ náà kì bá tí bọ́ sí ọwọ́ tí kò mọ́. A kò lè di gbogbo ẹ̀bi náà ru ẹni tí ó gbé ọmọ lọ, kí a má bù nínú rẹ̀ fún àwọn tí ó kọjá lọ.

Ìtàn ará Samáríà kò ṣàjèjì sí ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí. Àlùfáà kọjá, ọmọ Léfì kọjá, ẹni tí a kò kà sí ni ó dúró. Gbogbo wa ni ó mọ ìyẹn. Ohun tí a kì í sábà kíyè sí ni bí ó ti ṣe é: òróró tirẹ̀ ni ó dà sí ọgbẹ́, ẹranko tirẹ̀ ni ó gbé e gùn, owó tirẹ̀ ni ó san fún olùtọ́jú ilé-èrò, ní gbangba, ó sì ṣèlérí pé òun ń padà bọ̀ wá san ìyókù. Láti inú èyí ni àwa ti rí òṣùwọ̀n tí a fẹ́ fi wọn ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú wa. Òbí ni ẹni tí ó ń san nǹkan nítorí ọmọ, láti inú ohun tí í ṣe tirẹ̀. Ẹni tí ó bí ọmọ ti san owó ńlá kan nínú ìrọbí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ojú kékeré wò ó. Ṣùgbọ́n gbèsè náà kò tán ní ọjọ́ ìkómọ, ojoojúmọ́ ni a ń san án.

Ẹ jẹ́ kí a fi òṣùwọ̀n náà wọn Osamu. Ó lẹ́rìn-ín, ó sì fẹ́ràn àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí ó fi bọ́ wọn jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ó kọ́ wọn pé ohun tí ó wà nínú ìsọ̀ kò tíì ní olúwa. Shota kò mọ ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, nítorí pé ohun tí ó gbàgbọ́ ni pé àwọn ọmọ tí kò lè kẹ́kọ̀ọ́ nínú ilé wọn ni í lọ síbẹ̀. Nígbà tí ìyá àgbà kú, wọ́n sin ín sí abẹ́ ilé ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n sì ń gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lọ. Ohun kan ṣoṣo tí ó jẹ́ ti Osamu nítòótọ́ ni ó fún ọmọkùnrin náà, èyí nì ni orúkọ. Nítorí pé Shota ni orúkọ tí a sọ òun fúnra rẹ̀ ní kékeré, kí ó tó máa jẹ́ Osamu. Nígbà tí àwọn aláṣẹ béèrè ìdí tí ó fi kọ́ ọmọdé ní olè, ó dáhùn pé òun kò mọ ohun mìíràn tí òun lè kọ́ wọn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ dúró díẹ̀ lórí ìdáhùn yìí. Ìfẹ́ wà ní ọkàn ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, kò sì sí ohun tí ọwọ́ òfìfo lè fún ọmọ bí kò ṣe ohun tí ó bá jí. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ó yẹ kí a fi kún un pé ẹni tí a kò kọ́ yóò ní ọmọ lọ́jọ́ kan, yóò sì wá ohun tí yóò fi kọ́ ọ, kò ní rí i.

Bóyá ọmọ ilé-ìwé kan yóò wí pé, Inúure wọn kò ha bo olè wọn mọ́lẹ̀ bí? Kò bò ó, ọmọ inú ilé náà gan-an ni ó sì dá ẹjọ́ yìí. Bàbá arúgbó kan wà tí ó ní ìsọ̀ kékeré, tí Shota máa ń jí nǹkan níbẹ̀. Ó ti rí i, kò sì ké sí ọlọ́pàá. Ní ọjọ́ tí Shota mú ọmọbìnrin kékeré náà wá láti fi olè jíjà mọ̀ ọ́n, bàbá náà pè é, ó fún un ní ìpápánu díẹ̀, ó sì sọ fún un pé kí ó má ṣe jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ ṣe é. Kò pariwo, kò sì nà án. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ ọmọ náà lára. Títí di ọjọ́ náà, ó rò pé ohun tí òun ń ṣe kò kan ẹlòmíràn. Nísinsìnyí ó bojú wẹ̀yìn, ó rí i pé ẹnì kan ń fi ẹsẹ̀ kékeré tẹ ibi tí òun ti tẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti ń bi Osamu ní ìbéèrè tí Osamu kò lè dáhùn.

Nígbà tí ó ṣe, ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí jí nǹkan nínú ìsọ̀ mìíràn. Kí àwọn ènìyàn má baà rí i, Shota gbé àpò ọsàn ní gbangba, ó sì sá jáde; wọ́n lé e, ó fò láti orí afárá, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́. Bí àṣírí ilé náà ti tú nìyẹn. Àwọn àgbà ilé náà di ẹrù wọn láti sá lọ ní òru, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ bà wọ́n. Lẹ́yìn náà ni Shota sọ fún Osamu pé òun mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí wọ́n mú òun ni. Ẹ fi òṣùwọ̀n wa wọ̀n ọ́n. Ọmọ tí a kọ́ láti máa gba ohun ẹlòmíràn ni ó fi ohun tirẹ̀ sílẹ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kí olè jíjà má baà jẹ́ ogún tí àlejò kékeré náà yóò jẹ. Iṣẹ́ òbí ni ó ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì hu irùngbọ̀n.

Ó ku Nobuyo, ẹjọ́ tirẹ̀ ni ó sì nira jù. Olè ni òun náà, ó sì lọ́wọ́ nínú fífi òkú ìyá àgbà pamọ́. Àwa kò gbọdọ̀ sọ pé kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, tí ó ku òun àti obìnrin kan, tí ẹnì kejì sì halẹ̀ mọ́ ọn pé òun mọ̀ nípa ọmọ náà, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ọmọ má baà bọ́. Nígbà tí ọwọ́ bà wọ́n, ó di gbogbo ẹ̀bi ilé náà ru ara rẹ̀, ó sì lọ sí ẹ̀wọ̀n. Aláṣẹ kan sọ fún un pé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni ó yẹ kí ọmọ wà. Ó béèrè bóyá bíbí ọmọ nìkan ti tó láti sọ obìnrin di ìyá. Aláṣẹ náà tún bi í pé, kí ni àwọn ọmọ náà ń pè é? Kò rí èsì fọ̀. Ó kàn ń fi ọwọ́ nu omijé ojú rẹ̀ ni.

Nígbà tí Shota wá bẹ̀ ẹ́ wò ní ẹ̀wọ̀n, ó ṣe ohun tí ó tóbi ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Ó sọ ibi tí wọ́n ti rí i fún un, nínú ọkọ̀ kan tí a gbé sí ẹ̀gbẹ́ ilé tẹ́tẹ́, ó sì sọ irú ọkọ̀ tí ó jẹ́, kí ó lè wá àwọn òbí rẹ̀ bí ó bá fẹ́. Ẹ rántí àwọn obìnrin méjì tí ó dúró níwájú Sólómọ́nì ọba. Idà ni ó fi wá ìyá rí, ẹni tí ó yọ̀ǹda ọmọ kí ọmọ lè yè ni ìyá. Nobuyo kò bí Shota, ṣùgbọ́n ó yọ̀ǹda rẹ̀ sínú òtítọ́, ó sì pàdánù rẹ̀. Osamu pàápàá, nígbà tí ó yá, sọ fún ọmọ náà pé òun yóò padà sí jíjẹ́ ẹ̀gbọ́n lásán dípò bàbá. Nínú bọ́ọ̀sì tí ó gbé ọmọ náà lọ ni ó ti sọ ọ̀rọ̀ náà, Bàbá, ní ibi tí Osamu kò ti lè gbọ́ ọ. Ohun tí olè jíjà ọ̀pọ̀ ọdún kò lè rà fún Osamu, ọjọ́ tí ó ṣí ọwọ́ rẹ̀ ni ó rí i gbà.

Àlejò kékeré náà ńkọ́? Òfin dá a padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó bí i, ó sì rò pé iṣẹ́ òun ti parí. Àpá lílù wà ní ojú ìyá náà pẹ̀lú, nítorí pé ọkọ rẹ̀ ń lù ú. Ọmọ náà na ọwọ́ láti fi kan ọgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ lé e. Nígbà tí ìyá náà sì ṣèlérí aṣọ tuntun, ọmọ náà mi orí rẹ̀, ó kọ̀. Nígbà tí sinimá náà parí, ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta níbi tí a ti kọ́kọ́ rí i, ó ń na ọrùn wo ojú ọ̀nà. Obìnrin tí a ń lù ń lu ọmọ. Ìyà náà kò dúró lójú kan, ó ń wá ẹni tí ó kéré jù. Bí ẹnikẹ́ni kò bá jáde láti fi ara rẹ̀ gba ìyà náà dúró, yóò máa sọ̀ kalẹ̀ títí yóò fi kan ọmọ tí a kò tíì bí.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní Jàpáànì bí ẹni pé kò kan ilẹ̀ wa. Ó pẹ́ tí a ti ń fi ọmọ fún ẹlòmíràn tọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ènìyàn rere ni ó sì ti inú rẹ̀ jáde. Òṣùwọ̀n kan náà ni kí a fi wọ̀n ọ́n. Nígbà tí ọmọ onílé bá wà ní ilé-ìwé, tí ọmọ tí a gbà tọ́ sì gbé igbá lérí tí ó ń kiri, ta ni ó ń sanwó fún ta? Bí ọmọ bá ń fi ọjọ́ orí rẹ̀ bọ́ àgbà, ẹni tí a pè ní alágbàtọ́ kò yàtọ̀ sí ẹni tí ń jí ọjà. Ní Nàìjíríà, a ti ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé láti ọdún 2003. Ṣùgbọ́n bí a ti wí ṣáájú, òfin kò ní ẹsẹ̀.

Ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ojú olùkọ́ wà nínú igba náà, ó sì súnmọ́ ọmọ ju ọ̀pọ̀ lọ, nítorí pé láàárọ̀ ni ó ń rí i: ọmọ tí ń gbọ̀n nígbà tí a bá gbé ọwọ́ sókè, ọmọ tí kì í fẹ́ kí agogo ìparí iṣẹ́ lù, ọmọ tuntun tí kò mọ ẹnikẹ́ni, tí àpá rẹ̀ kò jọ àpá eré. Kí olùkọ́ má ṣe gbé ọmọ náà pamọ́ bí Osamu, kí ó má sì kọjá lọ bí ọmọ Léfì. Kí ó béèrè; kí ó sọ fún ẹni tí ó lè ràn án lọ́wọ́; kí ó sì tún padà wá béèrè, bí ó tilẹ̀ gba àkókò rẹ̀, tí ó sì sọ ọ́ di ẹni tí wọn kò fẹ́ rí ní agbo ilé kan. Èyí ni owó tí yóò san láti inú àpò ara rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé pẹ̀lú, ẹ rántí Shota. Kì í ṣe ọmọ rere nígbà tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sì ní ẹni rere tí ó kọ́ ọ. Ẹni tí ó kéré jù ú lọ ni ó dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹnì kan ń wo ọwọ́ tiyín náà lónìí, ní ìjókòó ẹ̀yìn nínú kíláàsì yín.